Ìbọn Tó Bá Ọwọ́ Twyla Mu

Ilé Kẹtàdínlógún, Òpópónà Cottonwood,
Pruitt Creek,
Oklahoma.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Arlene, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, àna mi àtijọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Delbert ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé eékún rẹ̀ ti gbà kó máa gun àkàbà báyìí? Àwọn ìbejì rẹ ńkọ́? Màmá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun? Oorun ńkọ́, ṣé ò ń rí i sùn? Mo bi ọ́ léèrè oorun nítorí pé èmi ń sùn. Fọnfọn ni mò ń sùn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún ọ.

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Garland. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kó kí ọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àbúrò mi ló yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó tọ́ mi ò kọ́ mi kí n máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láìkíni. Mi ò wá síbi ìsìnkú. Mo gbọ́ pé oúnjẹ táwọn aládùúgbò gbé wá pọ̀ débi pé ẹ̀ ń dà á fún ajá. Inú Garland ì bá dùn sí i, ó fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣòfò.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé o ti ti fóònù rẹ mọ́ mi. Kò burú. Marlys tó ń ṣe irun nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti jíṣẹ́ rẹ fún mi, ó sì jẹ́ ẹ tìdùnnú-tìdùnnú. Ó ní o ní kí òun bi mí pé, obìnrin tí ò lè di ìbọn mú lóṣù kẹfà, báwo ló ṣe wá rí ọta méjì kó sí ẹ̀gbọ́n rẹ láyà lóṣù kẹwàá? Ó ní ò ń sọ ọ́ káàkiri pé ńṣe ni Twyla dọdẹ Garland, pé ẹkún ẹ̀tàn ló ń sun látọjọ́ yìí, pé o máa gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n lè gba Josie ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e fún ọ tọ́. Ìbéèrè rẹ dáa. Gbé kọfí rẹ, jókòó, màá dá ọ lóhùn.

O mọ ọwọ́ ọ̀tún Twyla. Má sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí Garland fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ há a lọ́wọ́, ìwọ náà lo sì sọ fún dókítà pé atẹ́gùn ló ti ilẹ̀kùn. Ìka méjì ló kán. Wọ́n jinná, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́, wọn ò sì lágbára mọ́ látọjọ́ náà. Nígbà tí kóòtù wá fún un níwèé pé Garland ò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ka ìwé náà dáadáa, ó lọ wọn ilẹ̀. Ibi tí ìwé ní kó má kọjá gan-an ló ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, lódìkejì títì, tí á jókòó sínú rẹ̀, tí á máa jẹ ẹ̀pà, tí á máa da èèpo rẹ̀ sójú ọ̀nà. Àràárọ̀ ni Twyla ń gbá èèpo ẹ̀pà. Àwọn ọlọ́pàá ní bó bá wọlé kó pe àwọn. Láti ọ́fíìsì wọn dé ilé Twyla, ogójì ìṣẹ́jú ni, ìyẹn bí màlúù ò bá dí títì.

Boyd ẹ̀gbọ́n wa ló ní kó lọ ra ìbọn. Èmi náà bá wọn lọ. Ọkùnrin tó dúró nídìí gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ò wo ojú Twyla lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kí ni ìyàwó ń wá?" ọkùnrin náà ló bi Boyd bẹ́ẹ̀.

"Àbúrò mi ni. Nǹkan tó máa fi ṣọ́ ilé ló ń fẹ́."

"Háà, wọ́n ń ṣe ti obìnrin!"

Ló bá yọ ìbọn ìléwọ́ kékeré kan jáde, pínkì ni èèkù rẹ̀, ọta márùn-ún ló ń gbà, kò wúwo ju ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ. Twyla gbà á, ó gbìyànjú láti fi ìka fa irin rẹ̀, ìka ò lè fà á dópin. Ó tọ́ka sí dúdú ńlá kan lábẹ́ gíláàsì, ó ní ṣé òun lè gbé ìyẹn wò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Sisí, ìyẹn á wúwo fún ọ. Èyí á wọ báàgì. Ṣebí kó o kàn yọ ọ́ sí i ni, á sá lọ."

"Tí kò bá wá sá ńkọ́, sà?"

Boyd ní kó yé da ọkùnrin náà láàmú. Èmi ńkọ́, kí lèmi sọ? Mo ní pínkì yẹn mà rẹwà o, ó bá èékánná rẹ mu. Mò ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé mi ò yọ ara mi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyókù, o mọ̀ ọ́n, torí pé wọ́n ṣe é fún ìwọ náà. Kò sí obìnrin tó máa kọ́kọ́ gbé ìbọn nínú pápá wa tí àwọn ọkùnrin wa ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ki ọta tó le jù síbẹ̀ láìsọ fún un. Wọ́n á ní kó rọra dì í mú, bí ẹni di ẹyin. Wọ́n á wá fà sẹ́yìn, kálukú á dúró de ẹ̀rín. Àpá tìẹ ṣì wà lókè ojú rẹ. Tèmi, èjìká mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè gbé síbí dé ẹnu, nígbà tó sì di ọdún kejì, èmi náà ti wà lẹ́yìn, mò ń fi ìyàwó Boyd rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, àwa tá a ti jẹ nínú rẹ̀ la sì máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Sátidé kejì oṣù kẹfà ni, nínú pápá màlúù Boyd. Ẹran ń yan lórí iná, màmá wa ti gbé páì wọn wá. Boyd ki ọta tí wọ́n fi ń pa ẹran ńlá sínú ìbọn pínkì, ó fi lé Twyla lọ́wọ́. Twyla fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó fà á, kò lọ. Ó tún fà á, kò lọ. Boyd pariwo pé, "Fi ìbínú fà á jàre, rò ó pé Garland ni!" Ló bá di ojú méjèèjì, ó fà á. Ìbọn ta á nípàá, ó fò sókè, ó gbá a níwájú orí, Twyla sì jókòó sínú ìgbẹ́ màlúù, ó tọ̀ sára. Ẹ̀rín! Boyd di ikùn mú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú Twyla, ó ń wò wá yíká, ó ń bi wá pé, "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?" Ó rò pé òun ló ṣàṣìṣe. Èmi ni mo ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Bí àwòrán yẹn ṣe ń gbọ̀n, ẹ̀rín mi ló ń gbọ̀n ọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ sí, Arlene. Ìwọ ni. O fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín mọ́kànlá dá mi lóhùn. Mo kà wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì tí a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Garland ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lódìkejì títì. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó fi ìka ṣe ìbọn, ó pariwo, "Gbàù!" Ó gbá ara rẹ̀ níwájú orí, ó dijú, ó wá ní, "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?" Ohùn Twyla gan-an ló fi sọ ọ́. Josie fa aṣọ màmá rẹ̀, ó ní kí ni Dádì ń ṣe. Twyla yíjú wò mí. Ojú tì mí débi pé mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Mo pè ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé o rántí ohun tó o sọ? O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni jàre, inú rẹ̀ ò dùn látọjọ́ yìí, mo ní kó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nadine, má sọ awàdà di ìjà." Kò síjà. Mo ní kò burú, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Twyla ri ìbọn pínkì mọ́ inú agolo ìyẹ̀fun, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Garland sì ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, kì í dúró sí ibi tí ìwé wí mọ́, ó ń sún mọ́ ilé ní díẹ̀díẹ̀. Èèpo ẹ̀pà dé ẹnu géètì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé orí àtẹ̀gùn.

Màmá Odessa Birdwell ló kó ọ̀rọ̀ náà lérí. O mọ̀ wọ́n, àwọn tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ilé ìwé, tí wọ́n já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan nínú òjò nítorí ẹnu rẹ. Ẹnu tiwọn náà ò tíì rọ̀. Ní àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin níbọn yíyìn lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó àlìkámà sí láyé ọjọ́un. Wọ́n wá bá Twyla nílé, wọn ò tiẹ̀ jókòó.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó tọ̀ sára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. O ti tọ̀ ọ́, ó ti tán. Wọ bàtà, ká lọ."

Wọ́n to ìbọn méje sórí tábìlì. Wọ́n ṣí ìkọ̀ọ̀kan kí Twyla fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ọta níbẹ̀. Wọ́n ní kó má wo àwọ̀, kó má bi àwọn léèrè, ọwọ́ rẹ̀ ni kó bi. Àwọn kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fa orí wọn sẹ́yìn kí ọta tó wọlé, ìka Twyla tó wọ́ ò lè fà wọ́n. Ọ̀kan rèé, èèkù rẹ̀ sanra jù, ìka rẹ̀ ò dé ibi tó yẹ kó fà. Ìbọn gígùn tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí pé èjìká ló ń gba ìtapá rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Odessa ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ ti fẹ̀ tó? Tí Josie bá wà lápá rẹ kan, ọwọ́ wo lo máa fi gbé èyí, ti àdúrà?" Wọ́n wá gbé ìbọn pínkì tí èmi bá Twyla yọ nínú agolo mú wá, wọ́n sọ ọ́ sórí tábìlì bí ẹni sọ eegun sílẹ̀.

"Ẹni tó ta èyí fún ọ ò fẹ́ràn rẹ. Ó fúyẹ́, torí náà gbogbo agbára ọta, ọwọ́ rẹ ló ń bọ̀. Ó le fún ìka. Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe? Kó ṣáà wọ báàgì. Ṣé báàgì rẹ ni Garland ń bọ̀ wá wò?"

Èyí tó ṣìkeje ni Twyla mú. Ìbọn ọlọ́pàá àtijọ́ ni, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ gùn, igi ni èèkù rẹ̀, ó wúwo, ó sì burẹ́wà. Ìwúwo yẹn gan-an ló ń pa ìtapá, kò sì le fún ìka rẹ̀ láti fà. Màmá Odessa ki ọta tó rọ̀ síbẹ̀, Twyla yìn ín, kò fi ibi tó dúró sí sílẹ̀. Ó yíjú wẹ̀yìn kíá. Ó rò pé a máa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi okùn wọn ilé ìdáná rẹ̀, láti ibi tó ti ń fọ abọ́ dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìgbésẹ̀ méje ni. Ìgbésẹ̀ méje náà ni wọ́n gbé àwo pépà sí ní ibi ìkọ́ṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rìnlá gbáko. Bó bá dijú, wọ́n á fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn gbá a ní kókósẹ̀. Bó bá ń sunkún, wọ́n á ní, "Ẹkún àbí ìbọn? Mú ọ̀kan, mi ò ní gbogbo ọjọ́." Wọ́n ní kó ra àpótí irin oní-nọ́ńbà tí Josie ò lè ṣí. Wọ́n kọ́ ọ ní ohun tó máa wí, kó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, kó wí i sókè. Lọ́jọ́ tí Twyla ní òun ò rò pé òun lè yìnbọn sí èèyàn, mo rò pé wọ́n á bú u. Wọn ò bú u. Wọ́n ní, "Èmi náà ò rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan."

Ó dọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀. Josie wà lọ́dọ̀ màmá wa, Twyla ń po ìyẹ̀fun. Ó rí Garland lẹ́yìn ilé pẹ̀lú òòlù, ó pe ọlọ́pàá, ó gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á, ó ṣí àpótí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi wà lórí ẹ̀rọ wọn. Agbẹjọ́rò ìjọba jẹ́ kí èmi àti Twyla gbọ́ ọ kó tó sọ pé kò sẹ́jọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀. Ìwọ ò gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ.

Gíláàsì fọ́. Twyla ní, "Garland, dúró síbẹ̀." Ó ní, "Garland, má wọlé." Ó ní, "Garland, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, máa lọ sílé." Ẹ̀gbọ́n rẹ rẹ́rìn-ín, Arlene. Ẹ̀rín gidi ni, ẹ̀rín ẹni tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí ọ nínú fídíò. Gbé e sílẹ̀ kó má tún lọ gbá ọ níwájú orí. Àbí o fẹ́ fi ìtọ̀ fọ ilé ìdáná ni?" À ń gbọ́ gíláàsì lábẹ́ bàtà rẹ̀: ìgbésẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Ibẹ̀ ló dákẹ́. Ó ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ Twyla. Ó ní, "Ti pínkì yẹn dà?" Bí ọmọdé ló ṣe bi í. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i, torí pé ó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, òòlù sì ti wà lókè.

Twyla ò dijú.

Ohun tó kù lórí ẹ̀rọ náà, ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, Twyla ni. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ dí àyà ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ń fi orúkọ tó fi ń pè é nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra pè é, ó ń ní kó má sùn. Ẹkún ẹ̀tàn tó ò ń sọ nìyẹn. Títí di òní, kò po ìyẹ̀fun mọ́. Ó ṣì ń jáde láràárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ojú ọ̀nà tí ò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó dáa. O ní kí n sọ bí Twyla ṣe rí i ṣe tí Garland ò fi mọ̀. Ìbéèrè rẹ gan-an nìyẹn, àbí? Gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, Twyla yin ọta mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wọ àárín àwo pépà. Mo ya fídíò rẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Màmá Odessa ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn rí i. Bó bá rí i, ilé rẹ̀ ló máa jókòó sí, kò sí ẹni tó máa kú." Twyla yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ránṣẹ́ sí Arlene. Á fi hàn án. Ó máa ń fi hàn án." Bó ṣe mọ̀ ọ́ tó nìyẹn. Mo ní kò burú. A wọnú ọkọ̀, mo yọ fóònù, mo tẹ orúkọ rẹ, ìka mi wà lórí rẹ̀. Mo rántí àwòrán ẹ̀rín mọ́kànlá yẹn. Mo rántí "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?" lẹ́nu Garland níwájú Josie. Mo wá rò ó pé, jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sínú báàgì. Nírọ̀lẹ́, Twyla bi mí bóyá mo ti fi ránṣẹ́. Mo ní mo ti fi ránṣẹ́. Ó sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹfà.

Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó gbà pé Garland rí i. Ó gbà pé Garland mọ̀, tó sì wá bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tó ń jẹ́ kó lè dìde lórí ibùsùn láràárọ̀ nìyẹn.

Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Sọ ọ́ fún Marlys, sọ ọ́ fún adájọ́, sọ ọ́ fún Josie tí wọ́n bá gbé e fún ọ. Ṣùgbọ́n bó o bá máa sọ ọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lo ti máa mú un, wọ́n á sì gbé ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ jáde ní kóòtù, níbi tó ti ń sọ fídíò tó rí. Wọ́n á bi ọ́ pé ta ló fi hàn án.

Mo ti fi fídíò kejì sínú mẹ́mọ́rì kékeré tí mo lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Wò ó dáadáa. O lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wù ọ́, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ẹ̀ jókòó sílé mọ́.

Bá mi kí Delbert. Fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Sọ fún màmá yín pé páì wọn ni mo ṣì ń rántí ní gbogbo Ọjọ́ Ìdúpẹ́, mi ò sì retí pé kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí lọ́dún yìí. Boyd ní kí n kí ọ, ó ti ta ìbọn pínkì náà fún ẹnì kan tó fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Èmi ni, ẹni tó ya fídíò méjèèjì,

Nadine